Iṣu Mi àti Ìwé Ara Ògiri

Ìwé kan wà lára ògiri ilé ìwòsàn ní Mọ̀pà,
oòrùn ti fá àwọ̀ rẹ̀.
Àwo oúnjẹ ni wọ́n yà síbẹ̀:
iṣu, ìrẹsì, búrẹ́dì, wọ́n gba àwo náà tán bí ẹbí ọkọ,
ẹran fún ara rẹ̀ sí igun kan,
ẹ̀fọ́ tẹ́ẹ́rẹ́ létí àwo.
Nọ́ọ̀sì Olúbọ̀dé fi rúlà tọ́ka sí i:
“Bàbá, bí ìjọba ṣe ní ká máa jẹun nìyí.”
Ìjọba ò dé oko mi rí,
ṣùgbọ́n tó bá ti ní kí n jẹ iṣu,
a gbọ́ra wa yé nìyẹn.

Àgbẹ̀ iṣu ni mí, létí odò Ọ̀yì,
ẹgbẹ̀rún ebè lọ́dún, ọdún mọ́kàndínlógójì.
Iṣu ló rán Ìlésanmí lọ sí yunifásítì.
Mo jẹ ẹ́ láàárọ̀, mo jẹ ẹ́ lálẹ́,
ṣúgà ẹ̀jẹ̀ mi ń gòkè bí ewúrẹ́ tó rí àpáta.

Ìlésanmí pè láti Àbújá:
“Bàbá, ẹ fi iṣu sílẹ̀. Ẹ fi gàrí sílẹ̀, ẹ fi ìrẹsì sílẹ̀.
Ẹran, ẹyin, wàrà. Ó tán.”
Mo wo àká iṣu tó kún dé òrùlé.
Mo wo fóònù.

Mo gbọ́ tirẹ̀ ṣá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.
Ṣúgà wálẹ̀, mi ò ní purọ́,
sòkòtò mi bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ bẹ́líìtì.
Àmọ́ inú mi tilẹ̀kùn.
Ọjọ́ kan, ọjọ́ kejì, ọjọ́ karùn-ún,
mo lúgọ sínú ṣalángá bí ọdẹ tó ń dúró de ẹran tí ò kọjá.
Àkùkọ kọ, ó tún kọ, oòrùn yọ,
ìyàwó mi ń pè: “Ṣé ẹ wà níbẹ̀?”
Mo wà níbẹ̀. Ohun tí mo ń retí ni kò wá.

Nọ́ọ̀sì ní òun ò ṣáà ti sọ?
Kí n padà sídìí ìwé, kí n máa jẹ búrẹ́dì àlìkámà.
Búrẹ́dì àlìkámà, ní Mọ̀pà!
Ìlésanmí ní kí n mu omi, kí n ní sùúrù.
Orí ikùn mi ni wọ́n ti ń jà,
èmi nìkan ni ikùn ọ̀hún ń run.

Abọ́sẹ̀dé, ẹ̀gbọ́n mi, ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin,
tí kò mọ orí ìwé yàtọ̀ sí ìdí rẹ̀,
ló wọlé, “Ọ̀kun o,” tòun ti agbọ̀n:
yánrin, ebòlò, òdú tí ìrì ṣì wà lára rẹ̀,
ilá, àti irú tí òórùn rẹ̀ ti ṣáájú rẹ̀ wọlé.
Ó ní: “Ta ló sọ fún ọ pé ọbẹ̀ ò lè dá dúró?
Ṣé iṣu ló bí i ni?”

Mo fi ṣíbí jẹ ọbẹ̀. Èmi, ọmọ Yàgbà, láìsí òkèlè.
Ọwọ́ ọ̀tún mi jókòó sórí itan bí opó.
Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta,
ẹ jẹ́ kí n má sọ gbogbo rẹ̀, àgbà ni mí,
mo kọ orin ìsìn kan tán kí n tó jáde.

Nọ́ọ̀sì wo ẹ̀rọ, ó tún gún mi níka.
“Kí lẹ ń jẹ?” Ó bojú wẹ̀yìn kó tó bi mí.
Mo sọ fún un. Ó kọ ọ́ sínú káàdì mi,
kò kọ ọ́ sára ògiri.
Ṣùgbọ́n ó ní ìyá òun ń jí tọ̀ nígbà mẹ́fà lóru;
ó béèrè ibi tí yánrin ti ń hù.

Iṣu tuntun ti dé.
Mo wà á, mo nu yẹ̀pẹ̀ ojú rẹ̀ bí ẹni ń nu ojú ọmọ,
mo tà á, mo fi ta àwọn aládùúgbò lọ́rẹ.
Ẹyọ kan, èyí tó kéré jù, mo sun ún,
mo gé ìwọ̀n páálí ìṣáná,
mo jẹ ẹ́ títí ó fi tutù lọ́wọ́ mi.
Oko ni mo ti jẹ ẹ́.
Ìwé ò sí níbẹ̀, nẹ́tíwọ̀kì ò sì dé ibẹ̀.